Fíìmù tí mo wò lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí àti ohun tí mò ń wá nínú wọn

Fíìmù tí ẹnì kan bá ti ṣe ohun tó wù ú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó pa èèyàn, tó gba ìyàwó oníyàwó, tó jókòó sórí ìtẹ́ tí kì í ṣe tiẹ̀, tí kò sì san nǹkan kan fún un, mi ò lè wò ó tán. Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ ná owó lé e lórí tó, kò sí bí ẹṣin inú ẹ̀ ṣe fẹ́ pọ̀ tó, oorun ló máa gbé mi lọ. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ohun tó ń ṣe mí gan-an nìyẹn o. Tẹ́lẹ̀, mo kàn máa ń sọ pé fíìmù yìí dùn, èyí ò dùn, tí èèyàn bá ní kí ló dé, mo máa ní ó ṣáà dùn ni. Àmọ́ láti bí ọdún mélòó kan tí àwọn fíìmù Yorùbá ńláńlá yìí ti ń jáde léraléra lórí Netflix àti Prime Video, tí mo sì ń wò wọ́n bí mo ṣe ń ránṣọ lálẹ́, ohun tí mò ń wá ti yé mi. Mò ń wá ẹni tó fẹ́ nǹkan, tí nǹkan ọ̀hún sì ná an ní nǹkan. Gbogbo ẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ fún mi.

Télọ̀ ni mí o, Ìbàdàn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, mi ò mọ ẹnì kankan nídìí iṣẹ́ fíìmù, òǹwòran lásán ni mí. Tí iṣẹ́ bá pọ̀, pàápàá tí Iléyá tàbí Kérésì bá ń bọ̀, àìsùn la máa ń ṣe, èmi àti àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, a máa gbé fóònù ti ògiri níwájú màṣíìnì, a ó máa ṣẹ́tí aṣọ, a ó sì máa wò. Màámi náà máa ń bá wa jókòó. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni wọ́n, ìdí òfì ni wọ́n bí wọn sí, torí náà tí wọ́n bá ti rí aṣọ òkè nínú fíìmù, ẹ ò lè pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó sì dáa bẹ́ẹ̀ jàre. Ọ̀pọ̀ nǹkan tí mo mọ̀ nípa wíwo fíìmù, ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ, torí àwọn àgbà kì í wo fíìmù bí àwa ṣe ń wò ó, àwa máa ń wo ẹni tó rẹwà àti ẹni tó mọ ìjà jà, àwọn máa ń wo ẹni tó ń parọ́.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ lórí Aníkúlápó torí òun la tún padà wò láìpẹ́ yìí. Ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni Kúnlé Afọláyan gbé e jáde, gbogbo ayé pariwo ẹ̀ nígbà yẹn débi pé èèyàn ò tiẹ̀ lè fara balẹ̀ wò ó, kálukú ti ní ohun tó máa sọ kó tó wò ó tán. Ní báyìí tí ariwo ti lọ sílẹ̀, mo gbádùn ẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Sàrò tí Kúnlé Rẹ̀mí ṣe, ahunṣọ ni, àlejò tó wọ Ọ̀yọ́ tí ò mọ ẹnì kan, tí ò ní ju ẹwà ara ẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ lọ. Awarun, ìyá olówó tó ń ṣòwò ìkòkò, tí Ìyá wa Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ṣe, ló gbà á mọ́ra, ọ̀rọ̀ wá di ohun tí gbogbo àdúgbò ń sọ lábẹ́lẹ̀. Ẹ wo ojú Ìyá yẹn dáadáa ní gbogbo ìgbà tí Sàrò bá wà níwájú wọn. Wọn ò tiẹ̀ ní láti sọ̀rọ̀, ẹ ó ti rí i pé obìnrin yìí mọ̀ pé òun ń ra nǹkan ni, ó sì mọ̀ pé ohun tí òun rà yìí ò ní pẹ́ lọ́wọ́ òun. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ẹlòmíì ì bá sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́, àgbà obìnrin tó ń tẹ̀ lé ọmọdé kiri, àmọ́ wọ́n fún un níyì.

Lẹ́yìn náà ni Àrọ́lákẹ́ dé, olorì tó kéré jù láàfin, Bímbọ́ Adémóyè ló ṣe é. Ìfẹ́ ìkọ̀kọ̀ tó wà láàárín wọn ló pa Sàrò, ẹyẹ Àkàlà ló jí i dìde, Àrọ́lákẹ́ ló sì gba àdó tí wọ́n fi ń jí òkú mọ́ ẹyẹ náà lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbàgbé ibẹ̀ yẹn, torí Sàrò gbàgbé ẹ̀. Wọ́n dé ìlú míì, ó ń jí òkú, ó di gbajúmọ̀, ó lówó, ó kó ìyàwó jọ, obìnrin tó fi ẹ̀mí ẹ̀ wéwu fún un wá di ẹni tó ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí ọmọ ọba kú tí wọ́n ní kó wá jí i, owó kọ́ ló bèèrè, ó ní àfi tí wọ́n bá fún òun ní ọmọbìnrin ọba. Bó ṣe sọ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu báyìí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù pariwo pé, "Ó tán!" Ó tán lóòótọ́. Kó tó dé ìdí òkú ni agbára ti kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, Àrọ́lákẹ́ ló sì mú un kúrò.

Ohun tí Màámi sọ níbẹ̀ ni mi ò lè gbàgbé. Wọ́n ní ẹni tó bá mọ aṣọ hun, sùúrù ló ń fún un lóúnjẹ, torí aṣọ òkè kì í yá, ìbú ọwọ́ lásán ni, èèyàn á hun ún gùn, gùn, gùn, kó tó wá di ohun tí wọ́n ń gé tí wọ́n ń rán pọ̀. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí ọmọ yẹn ti rí àdó, ojú ẹ̀ ò wo òfì mọ́, ibẹ̀ ló ti sọnù, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ọmọ ọba. Mo dá màṣíìnì dúró nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ nípa fíìmù yẹn, mi ò tíì gbọ́ ẹni tó sọ èyí. Ohun tí mi ò fẹ́ níbẹ̀ ṣá ni pé ó gùn, ó lé ní wákàtí méjì dáadáa, àwọn ibì kan wà láàárín tó yẹ kí wọ́n gé. Èyí tó tún jáde lọ́dún 2024, Rise of the Spectre, ìtàn inú ẹ̀ pọ̀ jù fún mi, mi ò lè di ẹnì kan mú.

Jagun Jagun ńkọ́? Oṣù kẹjọ ọdún 2023 ló jáde, Fẹ́mi Adébáyọ̀ ló ṣe agbátẹrù ẹ̀, òun náà ló sì ṣe Ògúndìjì, ọ̀gá ológun tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ogun jíjà, tó sì ń fi wọ́n jagun gbé ẹni tó bá wù ú dórí oyè. Ìjà inú ẹ̀ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ pọ̀, àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù fẹ́ràn ẹ̀ torí ìyẹn, èmi ti fẹ́ dojú kọ aṣọ mi. Ìlara ló dá mi dúró. Gbọ́tìjà tí Látẹ́ẹ̀fù Adédiméjì ṣe, ọmọ tí igi ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, wá síbẹ̀ láti kọ́ bó ṣe máa gbẹ̀san bàbá ẹ̀, kò tíì ṣe ọ̀gá yìí ní nǹkan kan, àmọ́ ọ̀gá ti ń bẹ̀rù ẹ̀. Èmi tí mo ń kọ́ èèyàn níṣẹ́, mo mọ ohun tí mò ń wí. Mo ti rí ọ̀gá télọ̀ tó fi ọmọṣẹ́ tí ọwọ́ ẹ̀ mọ́ ju tiẹ̀ lọ sídìí ilẹ̀ gbígbá àti omi pípọn, tí ò jẹ́ kó fọwọ́ kan ṣísọ́ọ̀sì rárá, kí oníbàárà má bàa bèèrè pé ta ló gé aṣọ yìí. Ọmọ yẹn padà lọ, àwọn oníbàárà náà sì tẹ̀ lé e. Ògúndìjì gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ohun tó fi gbogbo ayé ẹ̀ kó jọ, ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi ń tú u nítorí ọmọ kan tó yẹ kó máa fi yangàn. Tí fíìmù yẹn bá tún dín ìjà kù díẹ̀, tó jẹ́ ká rí ìpayà yẹn lójú Ògúndìjì dáadáa, ǹ bá sọ pé kò láfiwé.

Ẹ jẹ́ n sọ ti aṣọ díẹ̀ torí iṣẹ́ mi ni, ó sì ń dùn mí. Fíìmù ayé àtijọ́ kan wà tí mi ò ní dárúkọ ẹ̀, olorì yíjú padà báyìí, síìpù wà lẹ́yìn ẹ̀ láti ọrùn dé ìbàdí. Síìpù! Láyé ìgbà tí wọ́n ń fi ọfà àti kùmọ̀ jagun. Gbogbo ohun tí olorì yẹn ń sọ lẹ́yìn ìyẹn, mi ò gbọ́ ọ mọ́. Aṣọ obìnrin láyé ìgbà yẹn ò ṣòro o, tòbí nísàlẹ̀, ìró tí wọ́n ró mọ́ra, ìborùn, gèlè, kò síbi tí síìpù fẹ́ gbà wọlé. Ẹlòmíì á ní nǹkan kékeré ni, mi ò gbà. Aṣọ ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún wa ẹni tí èèyàn jẹ́ kó tó lanu. Sányán ni bàbá aṣọ, ara kòkòrò inú igbó ni wọ́n ti ń rí òwú ẹ̀, kì í ṣe ohun tí ẹrú tàbí àgbẹ̀ á kàn wọ̀ lọ sóko. Bí mo bá rí i tí ìjòyè àti ẹmẹ̀wà ń wọ irú aṣọ kan náà, tó ń dán yinrin bíi ti ẹgbẹ́jọdá lóde òní, mo mọ̀ pé ẹni tó ṣe fíìmù yẹn ò tíì bi ara ẹ̀ léèrè ohun tó ná ìjòyè yẹn kó tó dórí oyè. Ibi tí wọ́n ti ṣe aṣọ dáadáa, wọ́n sábà máa ń ṣe ìtàn náà dáadáa. Ohun tí èmi ti rí nìyẹn.

House of Ga'a ni mo retí jù nínú gbogbo wọn, òun náà sì ni ò tẹ́ mi lọ́rùn. Àwa tí wọ́n kọ́ ní Yorùbá nílé ìwé, a mọ Baṣọ̀run Gáà, eré tí Olóògbé Adébáyọ̀ Fálétí kọ, a sì mọ ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà máa ń sọ pé bí o bá láyà kí o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o sòótọ́. Oṣù keje ọdún 2024 ni Bọ́lánlé Austen-Peters gbé tiẹ̀ jáde. Fẹ́mi Branch tó ṣe Gáà, mo kí i, ohùn ẹ̀ nìkan tó láti mú kí èèyàn sún sẹ́yìn lórí àga. Àmọ́ ẹ wo ìtàn tó wà nílẹ̀. Ọkùnrin kan wà lórí oyè láti nǹkan bí ọdún 1754 títí dé 1774, ogún ọdún, ó ń fi Aláàfin jẹ, ó ń yọ wọ́n, Lábísí, Awọ́nbíojú, Agbólúajé, Májẹ̀ógbé, títí tó fi kan Abíọ́dún. Ogún ọdún yìí ni wọ́n fẹ́ kó sínú nǹkan bíi wákàtí méjì. Ọba kan kú, mi ò tíì mọ ojú ẹ̀ dáadáa, òmíràn ti jẹ, kò pẹ́ ọ̀rọ̀ tún ti kan òun náà. Tí mi ò bá mọ èèyàn, báwo ni ikú ẹ̀ ṣe fẹ́ ká mi lára?

Ibi tó mú mi lọ́kàn níbẹ̀ ni ti Àgbọnyìn, ọmọ Abíọ́dún tí Gáà ní kí wọ́n fi rúbọ. Nínú fíìmù yìí, ẹni tó fẹ́ràn ọmọbìnrin yẹn ni Oyèmẹ́kùn, ọmọ Gáà fúnra ẹ̀. Ẹ ò rí i? Ìkà ti wọ ilé ẹni tó ń ṣe é. Ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n jókòó sí. Àní ìtàn sọ fún wa pé nígbà tí Gáà fi máa ṣubú, ó ti darúgbó, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbé e mọ́, àwọn ọmọ ẹ̀ ti fọ́n ká sí ìlú lóríṣiríṣi, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀ tó yẹ kó lọ sí ààfin, gbogbo ìlú ti rẹ̀, kí Ọyábí tó jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó kógun dé láti Àjàṣẹ́. Ọkùnrin tí gbogbo Ọ̀yọ́ ń wárìrì fún, tí ò wá lè dìde lórí ẹní mọ́, tó ń gbọ́ ariwo ogun lẹ́nu ọ̀nà ilé ara ẹ̀, ẹ fún mi ní ìdajì wákàtí ìyẹn péré, mi ò ní bèèrè ẹṣin kankan lọ́wọ́ yín.

Ti Elesin Oba yàtọ̀. Bíyì Bándélé ló darí ẹ̀, ó sì ń dunni pé oṣù kẹjọ ọdún 2022 ni wọ́n jáde láyé, fíìmù náà ò tíì dé ọwọ́ wa, oṣù kọkànlá ló wá jáde. Orí eré tí Wọlé Ṣóyínká kọ ní 1975 ni wọ́n gbé e kà, ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Ọ̀yọ́ gan-an láyé àwọn òyìnbó amúnisìn ni. Ọdúnladé Adékọ́lá ló ṣe Ẹlẹ́ṣin, ẹni tí gbogbo wa ń fi àwòrán ẹ̀ ránṣẹ́ ẹ̀rín síra wa lórí WhatsApp, mo rò pé mi ò ní lè gbà á gbọ́, àmọ́ bó ṣe wọ ọjà wá pẹ̀lú ijó, tí Brymo tó ṣe Olóhùn-iyọ̀ ń kì í lọ, mo gbàgbé gbogbo àwòrán yẹn pátá.

Ẹlẹ́ṣin mọ gbèsè tó wà lọ́rùn ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti jẹ oyè. Ohun tó dáa jù nílùú ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀, oúnjẹ ni, aṣọ ni, torí lọ́jọ́ tí ọba bá wàjà, òun ló máa tẹ̀ lé wọn. Alẹ́ ọjọ́ tó yẹ kó lọ gan-an ló rí ọmọbìnrin kan lọ́jà, ó ní òun fẹ́ ẹ, ọmọ Ìyálọ́jà sì ni wọ́n ti fi ọmọbìnrin yẹn fún. Shaffy Bello ló ṣe Ìyálọ́jà. Bí wọ́n ṣe gbà yẹn, ẹ tẹ́tí sí i, wọ́n gbà á bí èèyàn ṣe ń gbà pé kí ẹni tó ń lọ ìrìn àjò mu omi kó tó lọ, àmọ́ ìbínú ti wà nísàlẹ̀ ohùn yẹn. Òyìnbó dé, wọ́n gbé Ẹlẹ́ṣin tì mọ́lé, kò kú mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wò ó, òyìnbó nìkan ni mò ń bínú sí. Nígbà tí mo tún wò ó, mo rí i pé ẹsẹ̀ Ẹlẹ́ṣin ti wúwo kí òyìnbó tó dé, ayé dùn mọ́ ọn, ó fẹ́ sun gbèsè yẹn síwájú. Ọlúndé ọmọ ẹ̀ tó lọ kàwé dókítà nílùú òyìnbó tó wá sílé wá sin bàbá ẹ̀, òun ló wá san án.

Màámi bínú lọ́jọ́ yẹn o. Wọ́n ní kí ọmọ sin bàbá ni àdúrà gbogbo wa, kì í ṣe kí ọmọ kú sí ipò bàbá, wọn ò sì bá wa sọ̀rọ̀ fíìmù mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Àwọn ibi tí àwọn òyìnbó ti ń sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn nínú fíìmù yẹn gbẹ, kò wọ̀ mí lára, àmọ́ mo foríjì wọ́n nítorí ti Ọlúndé.

Ìgbà tí a parí èyí ni mo lọ tún wá Ṣaworoidẹ, ti 1999, tí Bàbá Túndé Kèlání darí tí Olóògbé Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní ọmọ nílé tí ò tíì wò ó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi hàn wọ́n. Kò sí owó Netflix níbẹ̀, àwòrán ẹ̀ ti gbó, àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe gbé ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ láti àárọ̀ yìí kalẹ̀. Ètò wà nílùú Jogbo tí ọba gbọ́dọ̀ ṣe kó tó dé adé, ètò tó máa so ẹ̀mí ẹ̀ mọ́ ìlú, tí kò ní lè jí owó ìlú kó. Lápitẹ́ kọ̀, ó fẹ́ adé, kò fẹ́ ẹ̀rí, ìbọn ló fà yọ. Látorí ìṣẹ́jú yẹn ni ọkàn èèyàn ò ní balẹ̀ mọ́, torí a mọ̀ pé ìlù kan wà níbì kan, tí wọ́n bá ti lù ú, orí tó wà lábẹ́ adé ló máa gbà á. Wọn ò fi iná, wọn ò fi ààrá, ìlù lásán ni. Fún gbogbo ìgbà tí Lápitẹ́ fi ń gba owó lọ́wọ́ àwọn agégẹdú, mò ń gbọ́ ìlù yẹn lọ́kàn mi. Lágàtà ológun tó wá já adé gbà lọ́wọ́ ẹ̀ rò pé ìbọn nìkan lọ̀rọ̀ náà, òun ni ìlù yẹn padà wá bá. Bàbá Fálétí tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan wà níbẹ̀, àwọn ló ṣe Ọ̀pálábà, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fi òwe àti ẹ̀rín sọ òótọ́ tí kò sẹ́ni tó lè mú wọn sí i.

A Tribe Called Judah ti Fúnkẹ́ Akíndélé, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Kérésì ọdún 2023 ló jáde, òun sì ni fíìmù Nàìjíríà tó kọ́kọ́ pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá. Àwọn kan ń bú u pé ó fi olè jíjà ṣeré. Èmi ò gbà. Ìyá kan tó ń ṣàìsàn kíndìnrín, tó bí ọmọkùnrin márùn-ún, bàbá kálukú wọn yàtọ̀, àwọn ọmọ yẹn ò rí owó ilé ìwòsàn, ni wọ́n bá dáwọ́ lé ohun tí ò yẹ kí wọ́n dáwọ́ lé. Mo rẹ́rìn-ín gan-an, mo sì mọ ìdí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn fi wà níbẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Àyìnlá wá ńkọ́, tí Bàbá Kèlání náà ṣe lọ́dún 2021. Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa parí. Oṣù karùn-ún ọdún 1980 ni wọ́n fi ife gbá Àyìnlá Ọmọwúrà lórí nílé ọtí l'Abẹ́òkúta, ìjà òun àti mánéjà ẹ̀ àtijọ́, ìyẹn ló sì pa á, olórin Àpàlà tí gbogbo Ẹ̀gbá ń gbé lárugẹ. Kò sí ohun tí dáríkítọ̀ fẹ́ fi pa mọ́ fún wa. Síbẹ̀ nígbà tí ọ̀nà ilé ọtí yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́lé, mo ń bẹ̀ ẹ́, èmi àti fóònù, mò ń ní kó má lọ. Látẹ́ẹ̀fù Adédiméjì kan náà ni o, ẹni tó ṣe Gbọ́tìjà, àmọ́ ẹ ò ní mọ̀ pé òun ni. Ọ̀nà tó fi ń rìn, bó ṣe máa ń gbé àgbọ̀n sókè kó tó dáhùn, bó ṣe máa rẹ́rìn-ín báyìí tí ojú ẹ̀ ti yí padà kí ẹ̀rín náà tó tán. Ìbínú wà lára ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìbínú èèyàn burúkú, ìbínú ẹni tó mọ iyì ara ẹ̀ tí kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìbínú yẹn náà ló ń mú kí orin ẹ̀ mú bí abẹ. Ohun tó gbé e ga ló pa á. Mo mọ èèyàn bẹ́ẹ̀ nínú ẹbí wa, torí náà mi ò lè bá àwọn tó ń sọ pé fíìmù yẹn falẹ̀ jiyàn, wọn ò tíì bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbé rí ni.

Èyí tí mo wò gbẹ̀yìn ni My Father's Shadow, sinimá la lọ, èmi, Màámi àti ọmọ ṣọ́ọ̀bù kan. Akinola Davies ló darí ẹ̀, òun ni fíìmù Nàìjíríà tí wọ́n kọ́kọ́ mú sínú àwọn tí wọ́n fúnra wọn ṣà ní àjọ̀dún fíìmù Cannes nílẹ̀ Faransé, ọdún 2025 ni. Èdè inú ẹ̀ pọ̀, òyìnbó, píjìn, Yorùbá, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ l'Ékòó gan-an. Ọjọ́ kan péré ni ìtàn ẹ̀. Bàbá kan tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nílé, Ṣọpẹ́ Dìrísù ló ṣe é, kó àwọn ọmọ ẹ̀ ọkùnrin méjì kúrò lábúlé, wọ́n wọkọ̀ lọ sí Èkó, ó fẹ́ lọ gba owó oṣù tí wọ́n jẹ ẹ́ níbi iṣẹ́. Oṣù kẹfà ọdún 1993 ni, gbogbo ìlú ń retí èsì ìbò tí MKO Abíọ́lá dù, ọjọ́ yẹn náà sì ni ìjọba kéde pé àwọn ti fagi lé e. Ọmọ ìyá kan náà ni àwọn ọmọ méjèèjì yẹn lóde ayé, ẹ máa rí i nínú bí wọ́n ṣe ń jà, ìjà àwọn tó jọ ń sùn lórí ẹní kan ni.

Wọ́n ń rìn kiri Èkó, bàbá ń pàdé ọ̀rẹ́, ó ń dúró de ọ̀gá tí ò dé, àwọn ọmọ ń wò ó. Wọn ò tíì rí i ní gbogbo ọjọ́ kan gbáko báyìí rí, bó ṣe ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀, ẹni tó ń bẹ̀rù ẹ̀, ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀. Ó mú wọn dé etí òkun, èyí àgbà bi í léèrè ìdí tí kì í fi í gbé pẹ̀lú wọn. Màámi di ọwọ́ mi mú níbẹ̀. Bàbá wa náà ṣiṣẹ́ l'Ékòó nígbà tí a wà ní kékeré. Tí wọ́n bá wálé, búrẹ́dì àti aṣọ ni wọ́n máa ń kó wá, a máa ń ya bo báàgì wọn ká tó kí wọn. Owó tí wọ́n ń wá nítorí wa ló ń gbà wọ́n lọ́wọ́ wa. Mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, mi ò kàn tíì rí i kí ẹnì kan ṣe é sórí ògiri ńlá báyìí kí gbogbo èèyàn jọ jókòó máa wò ó. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n nínú fíìmù yẹn ń kéde pé ìbò ti di asán, ìyẹn gan-an ò dùn mí tó ojú bàbá yẹn, torí ó ti mọ̀ pé owó oṣù yẹn náà ti lọ.

Ọmọ ṣọ́ọ̀bù tó bá wa lọ dákẹ́ títí a fi dé inú mọ́tò. Ó wá ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, kí ló wá ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀?" A fà á dé Mọ́kọ́lá, awakọ̀ náà dá sí i. Mo ṣàlàyé títí, ó gbọ́, àmọ́ ó ní òun ṣì fẹ́ràn Jagun Jagun jù ú lọ. Mo ní kò burú, kó ṣáà sọ ìdí ẹ̀ fún mi. Ó rò ó díẹ̀, ó ní torí Gbọ́tìjà jìyà gan-an kó tó borí ni. Mo ní kó tún un sọ, kí Màámi gbọ́. Lísàbí apá kejì la máa wò tí a bá ti rán ankara ìgbéyàwó tó wà nílẹ̀ yìí tán, òun ló mú un.